Ẹni Tó Di Okùn Mú Lókè

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkòsí ló ní kí àwa àgbà tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan iṣẹ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà. Kí ọjọ́ ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì mi tó dé nìyẹn o. Ní báyìí tí mo jókòó tí mo mú bírò, ojú ń tì mí, ojú títì ọ̀hún náà ni n óò sì fi kọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Arúgbó tí ojú ń tì kì í lè parọ́ púpọ̀.

Agbẹ́kànga ni mí. Bí ẹ bá ti pẹ́ ní Ìkòsí, ní Kétu tàbí ní apá Máìlì Twẹ́lúfù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi omi tí mo gbẹ́ bọ́jú rí, kí ẹ má sì mọ̀. Láti ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo ti wá bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kétu nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà. Òun ló fà mí lé Ọ̀gá Sàlámì lọ́wọ́, ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòsí, mùsùlùmí gidi, ọkùnrin kúkúrú tí apá rẹ̀ ki bí itan ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó. Kò sí ohun tó dùn ún gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ ó rò pé dígà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Ó tì o. Okùn ni. Okùn méjì ló máa ń wọ kànga. Èkíní ni ti garawa tí a fi ń fa yẹ̀pẹ̀ jáde; gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èkejì ni a máa ń so mọ́ ìbàdí ẹni tó wà nísàlẹ̀, ẹnì kan á sì di orí rẹ̀ mú lókè. Okùn yìí kò ní iṣẹ́ méjì. Ẹni tó wà lókè á fà á díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa aṣọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fà á padà. Ó tán. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mo wà níbí o," kí èkejì dáhùn pé, "Èmi náà wà níbí." A kì í fi ariwo ṣe é, torí ohùn máa ń dàrú nínú kànga, ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ kì í sì í gbọ́ ju ìró dígà tirẹ̀ lọ. Atẹ́gùn burúkú tún wà nísàlẹ̀ tó lè mú èèyàn sùn lọ lórí ìdúró. Nítorí náà, bí o bá fa okùn tí wọn kò dá ọ lóhùn, o kò gbọ́dọ̀ jókòó máa ro ohun tó fà á. Ṣe ni kí o ké sí èèyàn, kẹ́ ẹ máa fà á jáde.

Odindi ọdún kan ni Ọ̀gá fi mí sídìí okùn. Mi ò gbọ́dọ̀ jẹun nídìí rẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ, mi ò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Lójú mi, ìyà lásán ni. Mo ní, ṣé torí kí n lè máa di okùn mú bí ẹni tó ń da ewúrẹ́ ni mo ṣe kúrò nílé?

Lọ́jọ́ kan, ní àgbàlá ilé kan ní Kétu, ọmọbìnrin kan tó ń ta gúgúrú ń kọjá lọ, ojú mi sì bá a lọ. Mo fa okùn, Ọ̀gá kò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá òkúta ni wọ́n ń yọ. Mo tún fà á, wọn ò dáhùn. Mo tún bojú wo ọlọ́mọge. Kí n tó mọ̀, orí Ọ̀gá ti yọ lẹ́nu kànga. Wọ́n ti fi àwọn ihò ẹsẹ̀ tí a gbẹ́ sára ògiri gùn ún jáde fúnra wọn, amọ̀ sì bò wọ́n débi pé ojú wọn nìkan ló funfun. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, wọ́n fẹ́ dán mi wò.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí ìgbátí. Wọn ò gbá mi. Wọ́n tú okùn kúrò ní ìbàdí wọn, wọ́n so ó mọ́ tèmi, wọ́n mú mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri. Wọ́n di orí okùn mú lẹ́yìn mi, wọn ò sì fà á. Mo dúró títí. Nígbà tó yá, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kò sí èsì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀ àbí wọ́n ti gba ilé lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí láti wẹ̀yìn. Oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó gbọ́ ohùn wọn.

"Báwo ló ṣe rí lára ẹ?"

"Ọ̀gá, ó dà bíi pé mi ò sí láyé mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Má fi ọmọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́."

Wọn ò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà títí mo fi gba fírídọ̀ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde nínú kànga, wọ́n máa ń ní, "Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá," kí gbogbo wa tó lọ fọ ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe náà nìyẹn, pé kì í pariwo, pé á kàn fà ọ́ díẹ̀, á wò ó bóyá wàá dáhùn. Ní tèmi, ìkòkò ìrẹsì tó wà lórí iná ni mo máa ń wò bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.

Làmídì dé sọ́dọ̀ Ọ̀gá lẹ́yìn mi. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ létí odò ni, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, àyà rẹ̀ kò sì gba ìsàlẹ̀ kànga. Bó bá ti wọlé jìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá ní kó máa bá okùn lọ. Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá ara mi, mo pè é pé kó wá bá mi ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà pọ̀ títí a fi darúgbó, èmi nísàlẹ̀, Làmídì lókè.

Ẹ má jẹ́ kí n tan yín, ara mi máa ń gbóná. Làmídì kì í sì í jẹ́ kí okùn sinmi. Ẹlòmíràn á fà á, á sinmi kó tó tún fà á. Ti Làmídì, kí n tó gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú dígà, ó ti dé.

Mo pariwo láti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kànga ò tíì jìn pé, "Làmídì! Ṣé ewúrẹ́ lo so mọ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n kí yín ni."

"O ò ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi ni? Ṣé mo bímọ ni?"

Kò pẹ́ ló tún fà á. Ni èmi náà bá máa ń já okùn padà tìbínútìbínú, bí ẹni pé kí ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń dáhùn nìyẹn ní gbogbo ọdún tí a fi ṣiṣẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí mo fi inú dídùn fà á, àfi ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ajégúnlẹ̀ ni, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn Làmídì gan-an. Omíyalé ti bá wọn jà, kànga wọn ti bàjẹ́, wọ́n wá ní ká gbẹ́ òmíràn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í jìn kó tó kan omi, ṣùgbọ́n iyanrìn ni, iyanrìn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán gangan ni, mo ń tún ẹsẹ̀ òrùka kọnkéré tí a fi dá ògiri dúró ṣe, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan yọ̀. Mi ò gbọ́ ìró kankan. Mo kàn rí i pé mi ò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́ ni, lẹ́yìn náà mi ò lè gbé apá, lẹ́yìn náà iyanrìn dé àgbọ̀n mi. Ó wọ etí mi, ó wọ imú mi. Mo fẹ́ ké, àyà mi ò gbà. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí, mo sì ń ronú pé ta ni yóò sọ fún ìyàwó mi.

Ni nǹkan bá fà mí díẹ̀ ní ìbàdí.

Kò yàtọ̀ rárá sí èyí tó fi máa ń yọ mí lẹ́nu. Ó rọra fà á bẹ́ẹ̀ náà, ó dúró. Ọwọ́ mi kan há sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ìka méjì péré ló lè mira. Mo fi ìka méjì yẹn fà á. Ó tún fà á. Mo tún fà á. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọkùnrin àdúgbò fẹ́ fi ipá wọ́ mi jáde, Làmídì kò gbà, ó ní bí wọ́n bá wọ́ mi, gbogbo ògiri ni yóò tẹ̀ lé mi. Ó ní kí bíríkìlà méjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pákó, kí wọ́n máa fi abọ́ bu iyanrìn kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀. Òun kò fi okùn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé mi jáde, wọ́n ti ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ojú Làmídì ni mo kọ́kọ́ rí, omijé àti ikun ti dàpọ̀ níbẹ̀.

Mo ní, "Làmídì, o ti fa ìbàdí mi jù."

Gbogbo Ajégúnlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ẹ̀rí. Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ ọ́n, ẹ ti gbọ́ ọ sú. Ọdọọdún ni mo ń dìde sọ bí Ọlọ́run ṣe na ọwọ́ agbára rẹ̀ láti òkè wá sínú kànga. Bí mo bá ń sọ ọ́, mi ò kì í dárúkọ Làmídì. "Àwọn èèyàn fà mí jáde," ni mo máa ń wí. Mi ò ní èrò ibi lọ́kàn. Lójú mi, Làmídì kò tóbi tó láti wọ inú ẹ̀rí.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, garawa la fi ń gbọ́n omi ìsàlẹ̀ kí a tó lè gbẹ́lẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi dé, a sì rò pé a ti di òyìnbó. Òrùka kọnkéré dé, a pa búlọ́ọ̀kù tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn oníbóòhóòlù gbé ẹ̀rọ gíga wọn dé, wọ́n ń fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe ohun tó ń gba àwa ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọ inú ilẹ̀. Mo bú wọn títí ó fi sú mi. Níkẹyìn, dídí kànga ni mo ń ṣe. Kànga tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ní Kétu, tí ìdílé mẹ́ta ń pọn, èmi náà ni wọ́n pè pé kí n wá kó iyanrìn dí i. Mo dí i, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa, mo sì gba ilé lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí orúnkún mi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Bí iṣẹ́ ṣe parí ni èmi àti Làmídì pínyà. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kétu, èmi wà ní Ìkòsí pẹ̀lú Bùnmi, àbígbẹ̀yìn mi. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, fóònù mi á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Làmídì ni. Fíláàṣì. Ojoojúmọ́. Mo ní ahun ni, pé ó fẹ́ kí n fi káàdì tèmi pè é. Mi ò pè é padà rí. Bí Bùnmi bá ní, "Daddy, ẹ̀ ẹ́ pe Uncle Làmídì ni?" màá ní, "Bó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́."

Nígbà míràn, bí mo bá jókòó sórí àga mi níwájú ilé, mo máa ń rí fìlà funfun kan ní orígun àdúgbò wa. Kí n tó wá awò ojú mi, ó ti yí padà. Ọjọ́ kan tí mo dá a mọ̀ dájú, mo ní ó ń bọ̀ wá tọrọ nǹkan. Mo wọlé, mo ní kí Bùnmi sọ pé mò ń sùn. Kò sì wá kan ilẹ̀kùn.

Ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì mi ni Bùnmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ṣètò ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ẹsẹ̀ gìrì nílé àńjọ̀fẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo gba máíìkì, mo sọ ẹ̀rí Ajégúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn fò sókè. Làmídì wà lórí bẹ́ńṣì ìkẹyìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nínú jálàbíà rẹ̀ tó ti ń ṣá, ó ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn tó kù.

Lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sábẹ́ kánópì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bùnmi gbé oúnjẹ wá fún Làmídì, ó kúnlẹ̀.

"Uncle, ẹ ṣé tí ẹ wá o. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajégúnlẹ̀ yẹn, àbí? Ẹ̀rù á ti bà yín gan-an."

"Ọjọ́ yẹn?" Làmídì rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ yẹn ò le tó àwọn tó kù, ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ló ń bá mi pe Ọlọ́run. Pásítọ̀ ń pè é, Àfáà ń pè é. Àwọn ọjọ́ tó kù, èmi nìkan ni. Bí mo bá ti fa okùn, ọkàn mi ò ní balẹ̀ títí Daddy yín á fi fà á padà. Bí wọ́n bá ti fà á báyìí, màá ní Alhamdulilahi."

"Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà á."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú, mo sì fẹ́ fi ṣe àwàdà. Mo ní, "Pẹ̀lú gbogbo ìbínú tí mo fi ń já a yẹn?"

"Ìyẹn gan-an ló dáa jù, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń bínú, ó wà láàyè."

Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bùnmi wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nínú sálúbàtà.

"Uncle, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ìrìn ni. Kétu sí Ìkòsí ti wá ń jìn sí i báyìí."

"Kí lẹ wá ń rìn bọ̀ ṣe?"

Làmídì wò mí, ó ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ sọ ọ́. "Fóònù Daddy ni. Bí mo bá fíláàṣì wọn láàárọ̀ tí wọn ò dá mi lóhùn, mo máa ń yọjú. Tí mo bá ti rí wọn lórí àga níta, ó tán, màá padà."

"Ah-ah, Uncle! Ẹ ò sì kì í wọlé?"

"Ẹni tó wà lókè kì í wọ kànga. Kí wọ́n ṣáà ti wà láàyè. Òfin Ọ̀gá wa ni, Daddy yín mọ̀ ọ́n: bí wọn ò bá dáhùn, o ò gbọ́dọ̀ jókòó."

Mo gbé abọ́ ìrẹsì mi sílẹ̀. Ojú tì mí débi tí mo fi wolẹ̀, lójú ọmọ mi, lójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rántí igi máńgòrò. Ọkùnrin yìí ni mo dá kọjú sí ògiri láràárọ̀, tó ń fa okùn, tí mi ò dá a lóhùn, tó sì gbé ẹsẹ̀ wíwú rìn wá láti Kétu kó lè rí i pé mo wà láàyè. Èmi sì ní kí wọ́n sọ pé mò ń sùn.

Èyí tó tì mí lójú jù kì í ṣe ti Làmídì nìkan. Èmi tí mo ń dìde lọ́dọọdún sọ pé Ọlọ́run wá bá mi lọ́jọ́ kan nínú kànga, ta ni mo rò pé ó wà pẹ̀lú mi láwọn ọjọ́ tí ilẹ̀ kò wó? Gbogbo ìgbà tí mo gun òkè jáde tí mo fọ ẹsẹ̀ mi, tí mo jẹun, tí mo bínú sí ìyàwó mi nítorí iyọ̀, ṣé ara mi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé dúró ni? Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́ṣà ni mí nígbà náà, mo sì ń gba máíìkì. Làmídì tí kò ní ẹ̀rí kankan ni ó ń dá ọpẹ́ lórí mi láti òwúrọ̀ di alẹ́, lórí okùn tí mo ń fi ìbínú já.

Mo ní kí n dìde lọ gba máíìkì padà, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Orúnkún mi gbà, ojú mi ò gbà. Bùnmi ló wá kẹ̀kẹ́ tó gbé Làmídì lọ sílé. Bó ṣe ń wọlé sínú rẹ̀, mo di apá jálàbíà rẹ̀ mú. Ó ní, "Ó dàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin tó ń yan iṣẹ́, mi ò ní ní kí ẹ wá gbẹ́ kànga. Ta ni yóò pè yín? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹnì kan wà lókè tó di okùn yín mú, ó sì ń fà á ní àwọn ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí kí ó má baà pẹ́ yín bó ṣe pẹ́ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà lórí itan mi. Wọ́n kírun tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo wá orúkọ Làmídì, mo tẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan, mo pa á. Mo mọ ohun tó sọ ní Kétu. Èmi náà sọ tèmi ní Ìkòsí, pẹ̀lú ojú títì, níbi tí iyanrìn kankan kò ti bò mí:

"Olúwa, èmi náà wà níbí."